Ẹgbẹ́ Ló Ń Sọ Ọmọ Dènìyàn: Ipò àti Ojúṣe nínú Ìtàn Òkè-Sopẹn àti Agbègbè Ìjẹ̀bú-Igbó

Iṣẹ́ tí ẹ̀ka-ẹ̀kọ́ wa gbé lé mi lọ́wọ́ ni pé kí n ṣàlàyé méjì nínú àwọn èrò tí a fi ń bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ nípa àwùjọ ẹ̀dá. Èkíní ni bí a ṣe ń sọ ọmọ titun di ọmọ àwùjọ. Èkejì ni bí olúkúlùkù ṣe ń gba ipò àti ojúṣe nínú àwùjọ náà. Mo lè ṣe é bí ìwé ti ń ṣe é: kí n túmọ̀ ọ̀rọ̀, kí n to orúkọ àwọn onímọ̀ ilẹ̀ òkèèrè jọ, kí n sì jókòó. N kò ní ṣe bẹ́ẹ̀. Mo fẹ́ gbé ọ̀rọ̀ náà ka orí ibì kan tí a mọ̀, Òkè-Sopẹn ní Ìjẹ̀bú-Igbó, nítorí ó dá mi lójú pé ìtàn agbègbè yẹn, láti ìgbà ogun Ìmágbòn ní 1892 títí di òní, kò bá ètò inú àwọn ìwé ìbẹ̀rẹ̀ mu tán. Ibi tí kò ti bá a mu gan-an ni ó yẹ kí á wò.

Ètò wo ni mo ń sọ? Àwọn ìwé náà a máa wí pé ilé ni ó kọ́kọ́ ń tọ́ ọmọ, lẹ́yìn náà ilé-ìwé, lẹ́yìn náà ẹgbẹ́ àti ọ̀rẹ́, kí ilé ìsìn, ìwé ìròyìn àti rédíò tó dé. Nínú ètò yìí, ipò ẹ̀yìn ni ẹgbẹ́ máa ń wà, wọ́n sì sábà máa ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ bí ẹni pé ibi tí ọmọ ti ń bàjẹ́ ni. Émile Durkheim, ọmọ ilẹ̀ Faransé, nínú ìwé rẹ̀ tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1922 lẹ́yìn ikú rẹ̀, ṣàlàyé ẹ̀kọ́ gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ tí ìran àgbà ń ṣe lára àwọn tí kò ì tíì gbó fún ìgbé ayé àwùjọ. Ní 1936, Ralph Linton, ọmọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà, pín ipò ẹ̀dá sí oríṣi méjì: èyí tí a bí mọ́ni, àti èyí tí a fi ọwọ́ ara ẹni wá. Ó tún fi ìyàtọ̀ sí àárín ipò àti ojúṣe. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa a máa da méjèèjì pọ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò sì le: ipò ni àga, ojúṣe ni ohun tí a ń retí lọ́wọ́ ẹni tí ó jókòó lórí rẹ̀.

Èdè Yorùbá ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀ fún iṣẹ́ tí Durkheim ń sọ. Bí òbí bá rán ọmọ lọ sí ilé-ìwé tàbí sí ẹnu iṣẹ́, ohun tí yóò sọ ni pé òun fẹ́ kí ó dènìyàn. Ǹjẹ́ ènìyàn kọ́ ni ọmọ náà tẹ́lẹ̀? Bí àgbàlagbà kan bá sì hùwà tí kò yẹ, a ó ní kì í ṣe ènìyàn, bó tilẹ̀ ní orí, tí ó ní irùngbọ̀n. Ìyẹn ni pé lójú àwọn tó ni èdè yìí, ènìyàn jẹ́ ipò tí a ń dé, ọ̀nà rẹ̀ sì jìn. Nítorí náà ni mo ṣe máa pe iṣẹ́ náà ní ìsọdènìyàn nínú ọ̀rọ̀ mi lónìí. Ẹ kíyè sí i pé ọ̀rọ̀ náà kò fi ọjọ́ orí kan ṣe òpin.

Àwọn tó ṣáájú wa nínú iṣẹ́ yìí ti la ọ̀nà. N. A. Fadipe, ọmọ Abẹ́òkúta, kọ iṣẹ́ ìwádìí ńlá lórí àwùjọ Yorùbá fún oyè ọ̀mọ̀wé ní Yunifásítì Lọ́ńdọ̀nù ní 1939. Ó ti kú láti 1944 kí ilé-iṣẹ́ ìtẹ̀wé Yunifásítì Ìbàdàn tó tẹ iṣẹ́ náà jáde ní ìwé ní 1970. Lẹ́yìn rẹ̀ ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Akínṣọlá Akìwọwọ, ní Ifẹ̀, fi ọ̀rọ̀ inú ẹnu àwọn bàbá wa kọ́ ìmọ̀ àwùjọ: ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ìgbàpò rẹ̀, tí wọ́n tẹ̀ ní 1983, dá lórí àjọbí àti àjọgbé, ìyẹn ìdè tí ẹ̀jẹ̀ so àti ìdè tí ibùgbé so. Èmi yóò yá ọ̀rọ̀ méjèèjì yẹn lò, nítorí Òkè-Sopẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ibi tí a dá wọn sí.

Ìjẹ̀bú-Igbó kì í ṣe ìlú olórí kan tí gbogbo ilé inú rẹ̀ ti ara baba kan ṣoṣo jáde. Àwọn ìlú kéékèèké ni ó para pọ̀ di í: Òkè-Sopẹn, Ojowo, Atikori, Òkè-Àgbò àti Japara. Olúkúlùkù ní olórí tirẹ̀. Sopẹnlukale ni orúkọ oyè ti Òkè-Sopẹn, Orímolúsì sì ni ọba Ìjẹ̀bú-Igbó. Ẹni tí a bí ní Òkè-Sopẹn ń jẹ́ ọmọ Òkè-Sopẹn níwájú ará Atikori, ó ń jẹ́ ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó níwájú ará Àgọ́-Ìwòyè, ó sì ń jẹ́ Ìjẹ̀bú bí ó bá dé Ìbàdàn. Láti kékeré ni ó ti ń kọ́ èyí tí yóò jẹ́ àti ìgbà tí yóò jẹ́ ẹ. Àjọgbé ni ó sọ wọ́n di ọ̀kan.

Ilé ńkọ́? Ibí yìí ni Ìjẹ̀bú ti yàtọ̀ sí ọ̀pọ̀ ilẹ̀ Yorùbá ìhà àríwá. Ní 1966, P. C. Lloyd fi hàn pé ní àwọn ibòmíràn, ìdílé baba ni ọmọ ń bá rìn nínú ọ̀rọ̀ ilẹ̀ àti oyè, ṣùgbọ́n ní Ìjẹ̀bú, ẹ̀tọ́ ń bọ̀ láti ọ̀dọ̀ baba àti láti ọ̀dọ̀ ìyá pẹ̀lú. Ẹ ro ohun tí èyí túmọ̀ sí fún ọmọ. Ilé baba rẹ̀ ni ilé rẹ̀. Ilé ìyá rẹ̀ ni ilé rẹ̀. Ilé ìyá baba rẹ̀ kò lè lé e. Ó ní ẹ̀tọ́ káàkiri, ṣùgbọ́n ilé tó bá pọ̀ báyìí kò lè pàṣẹ fún un tán. Bí ilé kan bá bá a wí, ó lè kó ẹsẹ̀ lọ sí èkejì. Èrò tèmi, tí Lloyd kò sọ, ni pé níbi tí ìdílé bá ti gbòòrò tó báyìí, ó di dandan kí nǹkan mìíràn wà tí yóò so ènìyàn mọ́ ojú kan pẹ̀lú iṣẹ́ kan tí kò lè yẹ̀ sílẹ̀. Ní Ìjẹ̀bú, ohun náà ni ẹgbẹ́ ọjọ́ orí, tí a ń pè ní règbérègbé.

Ní ọdún mẹ́ta mẹ́ta tàbí bẹ́ẹ̀ ni a ń kó àwọn tí a bí ní sáà kan jọ sí abẹ́ orúkọ kan, ọkùnrin lọ́tọ̀, obìnrin lọ́tọ̀. Iṣẹ́ ìlú ni a fi ń mọ̀ wọ́n láyé àtijọ́: yíyẹ ọ̀nà, títún ojú ọjà ṣe, àti ogun bí ogun bá dé. Ṣùgbọ́n kì í ṣe iṣẹ́ náà ni mo fẹ́ kí ẹ wò. Ẹ wo ohun tí ẹgbẹ́ ń ṣe sí ọmọ. Nínú ilé, bí ọmọ bá ya ọ̀lẹ, ìyá rẹ̀ lè bò ó láṣìírí. Lójú ọ̀nà tí ẹgbẹ́ ń yẹ, àyè tí ó fi sílẹ̀ láìyẹ wà níbẹ̀ tí gbogbo ènìyàn ń rí i. Ẹ̀gàn ẹlẹgbẹ́ a máa dùn ju pàṣán baba lọ. Níbẹ̀ ni ó ti ń kọ́ bí a ṣe ń gba àṣẹ lọ́wọ́ ẹgbẹ́ tó ṣíwájú, níbẹ̀ náà sì ni, nígbà tí ẹgbẹ́ titun bá dé, tí ó ti ń kọ́ bí a ṣe ń pàṣẹ. Bí ẹgbẹ́ bá ṣe ń dàgbà, bẹ́ẹ̀ ni ojúṣe rẹ̀ ń yí padà. Ìsọdènìyàn kò parí nígbà tí ọmọ gbéyàwó.

Ní báyìí, ẹ bá mi fi èyí wé ìpín Linton. Ẹgbẹ́ tí mo wà, ṣé a bí i mọ́ mi ni tàbí mo fi ọwọ́ mi wá a? Ọdún tí a bí mi ni ó fi mí sínú rẹ̀, n kò yàn án. Ṣùgbọ́n bí n kò bá wá sí iṣẹ́, tí n kò dá owó, tí n kò yọjú níbi òkú àti níbi ìyàwó, orúkọ lásán ni mo ní nínú rẹ̀. A bí i mọ́ni, a sì tún gbọ́dọ̀ máa fi ọwọ́ wá a lójoojúmọ́. Ìpín méjì yẹn wúlò láti fi yege ìdánwò. Bí a bá gbé e dé Ìjẹ̀bú, ó ń fẹ́ àtúnṣe.

Ọ̀rọ̀ ọjọ́ orí yìí ti fa àríyànjiyàn ńlá. Oyèrónkẹ́ Oyěwùmí, nínú ìwé rẹ̀ ti 1997, sọ pé àgbà àti ọmọdé ni Yorùbá fi ń to àwùjọ, pé ipò obìnrin gẹ́gẹ́ bí àwọn ará Yúróòpù ti mọ̀ ọ́n kò sí níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ẹ̀rí tí ó mú wá láti inú èdè lágbára: ẹ̀gbọ́n, àbúrò, ọmọ, kò sí èyí tó sọ fún wa bóyá ọkùnrin ni tàbí obìnrin. Mo gbà pẹ̀lú rẹ̀ dé ìwọ̀n kan. Ṣùgbọ́n ní Ìjẹ̀bú ni Agẹmọ wà. Bí àwọn ọlọ́jà Agẹmọ mẹ́rìndínlógún, tí Tàmi ti Odògbolú jẹ́ olórí wọn, bá ń lọ pàdé ní Ìmọ̀sàn, obìnrin kò gbọdọ̀ fi ojú kàn wọ́n lọ́nà. Ọmọbìnrin ọdún mẹ́fà tí ìyá rẹ̀ fà wọlé, tí ó ti ìlẹ̀kùn, ti kọ́ ẹ̀kọ́ nípa ipò rẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò fi ẹnu sọ. Àbúrò rẹ̀ ọkùnrin tó dúró síta ti kọ́ tirẹ̀ pẹ̀lú. Ọjọ́ orí kọ́ ni ó ya àwọn méjèèjì lọ́jọ́ náà.

Lẹ́yìn èyí ni 1892. Ìjẹ̀bú ti pa ọ̀nà òwò mọ́, ìjọba Èkó kò sì fara mọ́ ọn. Ní oṣù karùn-ún ọdún náà, ẹgbẹ́ ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì lábẹ́ Kọ́nẹ́ẹ̀lì Scott ṣẹ́gun ní Ìmágbòn, wọ́n sì wọ Ìjẹ̀bú-Òde. Gbogbo wa mọ ohun tí àwọn òpìtàn ń sọ lórí èyí: ìlú tó ti ìlẹ̀kùn mọ́ oníwàásù tẹ́lẹ̀ wá di ibi tí ìsìn Kírísítì àti Ìsìláàmù tàn sí bí iná ọyẹ́. Agbára Òṣùgbó lórí ìdájọ́ ń dínkù, àwọn ọ̀dọ́ kò sì tún ní ogun tí wọn yóò lọ. Ohun tí mo fẹ́ fi kún un ni pé ẹgbẹ́ kò kú pẹ̀lú ogun. Ó kó lọ sínú ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́sáláṣí. Ẹni tó bá mọ ìkórè ní ṣọ́ọ̀ṣì Ìjẹ̀bú mọ̀ pé àwọn ẹgbẹ́ ni ó ń bá ara wọn díje, pé orúkọ ẹgbẹ́ ni a ń pè kí a tó dá owó, pé aṣọ ẹgbẹ́ ni a fi ń mọ̀ wọ́n. Àlùfáà rò pé òun dá ẹgbẹ́ onígbàgbọ́ sílẹ̀. Àwọn ọmọ ìjọ mọ ohun tí wọ́n ń ṣe.

Ìyípadà tó jinlẹ̀ ju ti 1892 lọ fún ọmọdé ni ti 1955, ọ̀wọ́ ẹnìkan tí Ìjẹ̀bú-Igbó mọ̀ dáadáa sì wà nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tí ọmọ ń ṣe kí ilé-ìwé tó gbà á. Ilẹ̀ Ìjẹ̀bú-Igbó jẹ́ ilẹ̀ igbó, ilẹ̀ kòkó, pákó àti obì. Obì gbàǹja, tí awẹ́ rẹ̀ jẹ́ méjì, ni àwọn oníṣòwò Hausa ń rà lọ sí òkè. Àbàtà, tí awẹ́ rẹ̀ ju méjì lọ, ni a ń fi ṣe ètùtù àti àlejò nílé. Bí a bá ti ká gbàǹja, a ó la èèpo rẹ̀, a ó rẹ ẹ́ kí awọ funfun tó bò ó lè bó, a ó fọ̀ ọ́, a ó ṣà á, a ó sì fi ewé dì í sínú agbọ̀n kí ó má baà gbẹ. Ewé náà ní láti máa yí padà; bí kòkòrò bá wọ ọ̀kan, a gbọ́dọ̀ tètè yọ ọ́ kúrò láàrin àwọn yòókù. Kò sí ibì kan nínú iṣẹ́ yìí tí ọmọdé kò wúlò sí. Ìka rẹ̀ tín-ín-rín ń bó awọ kíákíá. Ó jókòó ti ìyá rẹ̀, ó ń ṣà ńlá sọ́tọ̀, kékeré sọ́tọ̀, ó ń gbọ́ bí wọ́n ti ń ná ọjà pẹ̀lú àlejò, ó ń mọ ẹni tí a ń fún ní àwìn àti ẹni tí a kì í fún. Kò sí ẹni tó pè é ní akẹ́kọ̀ọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó bá fi pé ọmọ ọdún mẹ́tàlá, ó ti ní ojúṣe tí agbo ilé ń retí lọ́wọ́ rẹ̀, bí ó bá sì ṣàìsàn, àìsí rẹ̀ hàn lára iṣẹ́.

Ní 1949 ni wọ́n dá Molusi College sílẹ̀ ní Ìjẹ̀bú-Igbó. Ọ̀gá àkọ́kọ́ rẹ̀ ni Stephen Olúwọlé Awókọ́yà, ọmọ Awà, tí kò jìnnà sí ibẹ̀. Kò pẹ́ púpọ̀ tí ó fi kúrò nídìí iṣẹ́ yẹn di mínísítà ètò ẹ̀kọ́ ní Ìwọ̀-Oòrùn, òun ni ó sì gbé ìlànà ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ síwájú ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ní 1952. Ètò náà bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kìn-ín-ní 1955 lábẹ́ ìjọba Awólọ́wọ̀. Ní 1954, àwọn ọmọ tó wà ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ẹkùn náà lé díẹ̀ ní 456,000. Ní 1955, wọ́n lé ní 811,000. Láàárín ọdún kan, ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọ̀kẹ́ owó kọ́ ni ó yí padà, ọmọ ni. Agbọ̀n obì ń dúró de ìka tó ti lọ di gègé mú.

Àwọn tó bá ń kọ ìtàn ètò yìí sábà máa ń ka iye ọmọ àti iye ilé-ìwé, ó sì yẹ bẹ́ẹ̀. Ohun tí wọn kì í kà ni ojúṣe tí ọmọ fi sílẹ̀. Ọmọ oko jẹ́ ẹni tí ilé nílò lónìí. Akẹ́kọ̀ọ́ jẹ́ ẹni tí ilé ń náwó lé lórí nítorí ọ̀la. Ipò ọmọ kan náà ni méjèèjì, àmọ́ ojúṣe ti di òdìkejì ara wọn. Ọ̀pọ̀ ìjà tó wà láàárín àwọn òbí àti ọmọ ní àkókò yẹn, tí a sọ pé ìwà àwọn ọmọ ayé titun ni ó fà á, lójú tèmi, ìjà lórí èyí ni: baba ń retí ojúṣe àtijọ́ lọ́wọ́ ẹni tí òun fúnra rẹ̀ ti gbé lọ sí ipò titun.

Kí ni ilé-ìwé fi rọ́pò ohun tí ó gbà? Ó kó àwọn ọmọ tí ọjọ́ orí wọn súnmọ́ ara wọn jọ, ó fún wọn ní aṣọ kan náà, ó jẹ́ kí wọ́n jùmọ̀ gé koríko, kí wọ́n jùmọ̀ jẹ ìyà, kí àwọn tó ṣíwájú máa rán àwọn tó tẹ̀lé wọn níṣẹ́, ó sì tú wọn sílẹ̀ ní ọdún kan ṣoṣo tí a fi ń pè wọ́n títí láé. Àwọn aláṣẹ rò pé ìlànà Gẹ̀ẹ́sì ni. Ọmọ Ìjẹ̀bú rí règbérègbé. Ẹ wo ohun tí ó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n jáde: àwọn tó jọ ṣe ìdánwò àṣekágbá lọ́dún kan náà ń ṣe ìpàdé, wọ́n ń dá owó, wọ́n ń rán aṣọ, wọ́n ń gbé òkú òbí ara wọn, wọ́n ń kọ́ yàrá ìkàwé fún ilé-ìwé bí àwọn bàbá wọn ti ń yẹ ọ̀nà. Sẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ń pè é. Mo ti jókòó nínú irú ìpàdé bẹ́ẹ̀, mo sì rí ọkùnrin tí ó ti lé ní àádọ́rin ọdún, tí àwọn ọmọ rẹ̀ ń bẹ̀rù, tí ó dìde bẹ̀bẹ̀ nítorí pé kò wá síbi òkú ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Ilé kò tún lè kọ́ irú ẹni bẹ́ẹ̀ ní nǹkan kan. Ẹgbẹ́ ń kọ́ ọ síbẹ̀.

Règbérègbé fúnra rẹ̀ náà padà wá sójú ọjà. Awùjalẹ̀ Síkírù Adétọ̀nà, tó gorí oyè ní 1960 tí ó sì wàjà ní 2025, ni ó gbé e dìde padà nígbà ìjọba rẹ̀, ó sì fi í sínú Ojúde Ọba, àjọ̀dún tó bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ àwọn Mùsùlùmí tó ń wá dúpẹ́ lọ́wọ́ ọba ní ọjọ́ kẹta lẹ́yìn ọdún Iléyá. Gbọ́baníyì, Bọ́bagbìmọ̀, Bọ́bakẹ́yẹ: ẹ gbọ́ orúkọ wọn, ẹ ó rí i pé ọba ni gbogbo wọn dojú kọ. Àwọn ọmọ Ìjẹ̀bú tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù àti ní Amẹ́ríkà ń wọ ọkọ̀ òfuurufú wá kí wọ́n lè bá ẹgbẹ́ wọn jó kọjá níwájú ọba. Àwọn kan ń bú u pé aṣọ àti ìlẹ̀kẹ̀ lásán ni ó kù. N kò gbà bẹ́ẹ̀, nítorí àwọn ẹgbẹ́ wọ̀nyí ń dá owó sí iṣẹ́ ìlú. Ṣùgbọ́n òtítọ́ kan wà níbẹ̀: ẹgbẹ́ àtijọ́ ń gba agbára apá, gbogbo ènìyàn sì ní apá; ti ìsinsìnyí ń gba owó, kì í sì í ṣe gbogbo ènìyàn ni ó ní i. Ẹni tí kò rí owó aṣọ san ń yọ ara rẹ̀ sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni lé e. Ọdún tí a bí i kò yí padà, ipò rẹ̀ wà nínú ìwé, ṣùgbọ́n ojúṣe ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Àwọn mìíràn tún wà tí ọ̀rọ̀ yìí kàn ju gbogbo wọn lọ. Oko kòkó àti obì, àti pákó inú igbó, ti mú ọ̀pọ̀ àlejò wá sí agbègbè Ìjẹ̀bú-Igbó láti ọjọ́ pípẹ́, wọ́n sì bímọ síbẹ̀. Ọmọ wọn ń sọ èdè Ìjẹ̀bú bí a ti ń sọ ọ́. Bí a bá fi àjọbí wò ó, kò ní ilé ní Òkè-Sopẹn, ilé baba tàbí ilé ìyá. Règbérègbé, tí ó jẹ́ ti ọmọ Ìjẹ̀bú, kò sì rọrùn fún un láti wọ̀. Ṣùgbọ́n ó jókòó ní kíláàsì kan náà pẹ̀lú ọmọ onílẹ̀, wọ́n jọ gé koríko, wọ́n sì jáde lọ́dún kan náà. Nínú ìwé sẹ́ẹ̀tì, orúkọ rẹ̀ wà láàárín orúkọ àwọn yòókù gẹ́gẹ́ bí álífábẹ́ẹ̀tì ti tò wọ́n. Bí baba rẹ̀ bá kú, àwọn wọ̀nyí ni yóò wọ aṣọ kan náà wá, tí wọn yóò dúró ní ẹnu ọ̀nà ilé tí wọ́n ń gbà fún owó, tí wọn yóò sì máa pe ara wọn ní ọmọ olóòkú.